Kí Ni Ọmọ Yín Lè Fi Gẹ̀ẹ́sì Ṣe?

Ẹ̀yin òbí wa nínú Olúwa, kò sí ẹ̀kọ́ kan tí ń da ọkàn wa láàmú lórí àwọn ọmọ wa bí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ lè gba máàkì gidi nínú Ìṣirò àti nínú sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n bí kò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu ọ̀nà yunifásítì ni yóò dúró sí. A ti gba ààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. A ti ṣe ìṣọ́ òru lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn láàrin wa ti ta iṣu àti kajú kí wọ́n lè san owó olùkọ́ tí ń wá kọ́ ọmọ nílé lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́run tí ń gbọ́ àdúrà gbọ́ tiwa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á tún wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì.

Ọmọ tí ó ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ó tún ti lo ọdún méjì tàbí mẹ́ta ní sẹ́kọ́ńdìrì, kí ni ó lè fi Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe? Bí àlejò kan tí kò gbọ́ Yorùbá bá dá a dúró lójú ọ̀nà ọjà Kàbà, tí ó bi í léèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn, ǹjẹ́ ó lè júwe rẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, wọn yóò wo ilẹ̀, wọn yóò sì nawọ́ síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ kan náà lè ka orúkọ gbogbo ohun tí ó wà nínú gírámà láìkọsẹ̀: nọ́ùn, pírónáùn, fáàbù, ádífáàbù. Ó dà bí ọmọ iṣẹ́ káfíńtà tí ó mọ orúkọ gbogbo irinṣẹ́ inú àpótí ọ̀gá rẹ̀, tí kò sì tí ì kan ìṣó kan rí.

Ọ̀nà ìkọ́ni kan wà tí ó kọjú ìjà sí àìsàn yìí gan-an. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn olùkọ́ èdè ti ń lò ó káàkiri ayé. Ní èdè wa, a lè pè é ní fífi iṣẹ́ kọ́ èdè. Ohun tí ó túmọ̀ sí kò le: dípò kí olùkọ́ kọ́kọ́ kọ́ ọmọ ní òfin èdè, kí ó sì máa retí ọjọ́ tí ọmọ yóò lò ó, iṣẹ́ kan tí ó ní òpin ni yóò gbé lé e lọ́wọ́, irú iṣẹ́ tí a kò lè parí láìlo Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọmọ ti ń wá bí yóò ṣe parí iṣẹ́ náà ni èdè ń wọ inú rẹ̀. Òfin kò sọnù. Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ó ń bọ̀, nígbà tí ọmọ ti mọ ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe.

Àwa ará Òkun ní ìdí tiwa

Ẹni tí ó bá ń gbé Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́ lè jí láàárọ̀ kí ó sì sùn lálẹ́ láìsọ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, àwa àti àwọn Ẹ̀bìrà ti Òkénè, àwa àti àwọn Ígálà ti òdìkejì odò Ọya, ni a jọ wà nínú ilé kan. Bí ará Kàbà bá dé ọ́fíìsì ìjọba ní Lọ́kọ́jà, ẹni tí ó máa bá níbẹ̀ lè má gbọ́ “Ọ̀kún” tí a fi ń kíni, ìkíni tí wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ, láti Owé dé Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì yóò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ tún wo Asáyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbà/Bùnú. Ibẹ̀ ni àgọ́ àwọn agùnbánirọ̀ ti Ìpínlẹ̀ Kogí wà. Láti gbogbo igun Nàìjíríà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá síbẹ̀, ọmọ Íbò, ọmọ Ẹfik, ọmọ Tífì, ọmọ Haúsá. Wọ́n ń ra nǹkan lọ́wọ́ wa, wọ́n ń wọ ọ̀kadà wa, wọn a sì máa jọ́sìn nínú ìjọ wa. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́. Nítorí náà, ọmọ Kàbà kò nílò kí á ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìdí kan sílẹ̀ tí yóò fi sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí náà ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Inú kíláàsì ni a kò ti lò ó.

Kí á má sì gbàgbé pé èdè kẹta ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa. Owé ni ìyá àgbà ń sọ nílé. Yorùbá inú ìwé, tí ó yàtọ̀ sí ti ilé, ni wọ́n bá ní ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà ni Gẹ̀ẹ́sì dé. Ọmọ tí ó ti ń gbé èdè méjì láìsí wàhálà kì í ṣe olódo.

Ohun tí wọ́n ṣe ní Íńdíà

Ní ọdún 1979, olùkọ́ èdè kan ní gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ N. S. Prabhu, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí iṣẹ́ Bangalore. Ìpò àwọn ọmọ ibẹ̀ jọ ti àwọn ọmọ wa: orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ti jókòó lórí àga ìjọba àti ti ìdánwò, èdè mìíràn nílé, kíláàsì tí ó kún, owó tí kò tó. Àwọn olùkọ́ wọn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ wọn ní òfin èdè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ ń gbè é, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jáde ní kíláàsì, òfin náà kì í tẹ̀ lé wọn jáde.

Prabhu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé òfin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n mú àwòrán ìlú wá, wọ́n mú ìwé àkókò ọkọ̀ ojú irin wá, wọ́n mú àwòrán ilé àti kàlẹ́ńdà wá. Wọ́n á ní kí ọmọ wá ọkọ̀ tí ẹnì kan lè wọ̀ láti ìlú báyìí tí yóò fi dé ìlú báyìí kí aago tó lù mẹ́wàá. Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ni ọmọ ń lé. Èyí ni àṣírí rẹ̀: nígbà tí ọkàn bá wà lórí iṣẹ́, èdè ń wọlé láìkan ìlẹ̀kùn. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ṣe é, títí di 1984, Prabhu sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1987.

Kí ni àbájáde rẹ̀? N kò ní pa irọ́ fún yín pé iṣẹ́ ìyanu ni. Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Alan Beretta àti Alan Davies, wá dán àwọn ọmọ náà wò, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n kọ́ ní ọ̀nà àtijọ́. Ìdánwò tí ó jọ ti ọ̀nà àtijọ́, àwọn ọmọ ọ̀nà àtijọ́ ni ó ṣe dáadáa jù níbẹ̀. Ìdánwò tí ó jọ iṣẹ́ ṣíṣe, àwọn ọmọ Prabhu ni ó ṣe dáadáa jù. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìdánwò tí kò ṣe ojúsàájú sí ẹgbẹ́ kankan, àwọn ọmọ Prabhu ni ó ta yọ. Wọ́n lè lo òfin tí ẹnikẹ́ni kò jókòó kọ́ wọn rí.

Ẹ̀kọ́ kan ní kíláàsì tiwa

Ẹ jẹ́ kí á gbé e wá sílé báyìí. Ẹ fojú inú wo kíláàsì JSS 2 kan ní Kàbà, ọmọ márùndínlọ́gọ́ta, ìwé kò tó, iná kò sí, pátákó àti ẹfun ni tíṣà ní. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tí ó rọrùn sọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn. Agùnbánirọ̀ kan, ọmọbìnrin láti Akwa Ibom, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní àgọ́ Asáyà, wọ́n sì pín in sí ilé ẹ̀kọ́ kan nínú ìlú. Yàrá tí wọ́n fún un ṣófo. Ó nílò tìmùtìmù ìsùn, bọ́kẹ́ẹ̀tì, sítóòfù, ìkòkò àti àwọ̀n ẹ̀fọn. ₦60,000 ni gbogbo owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù méjì ni ó lè lọ. Kí ni kí ó rà, níbo ni kí ó ti rà á?

Tíṣà bá gbogbo kíláàsì jíròrò ohun kan péré láti fi ṣe àpẹẹrẹ, ó sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin sí pátákó tí wọn yóò nílò. Lẹ́yìn náà, ó pín páálí. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá ni ó gé sí wẹ́wẹ́. Owó kò bá a lọ. Àwọn tí ó jókòó lápá fèrèsé gba iye tí ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ń ta ọjà. Àwọn apá kejì gba ti ṣọ́ọ̀bù kejì. Méjì méjì ni wọn yóò jókòó, ẹnì kan láti apá kọ̀ọ̀kan. Òfin kan ṣoṣo ni ó wà: má ṣe fi páálí rẹ han ẹnì kejì rẹ. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí ó wà níbẹ̀, béèrè.

Kíláàsì á wá bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ilé oyin. Ọmọ tí kò la ẹnu láti ọjọ́ Ajé yóò béèrè iye tí wọ́n ń ta sítóòfù, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí yóò fi mọ̀. Wọn yóò fi iye méjèèjì wé ara wọn, wọn yóò ṣe ìṣirò, wọn yóò sì rí i pé owó ọmọbìnrin náà kò lè ra gbogbo rẹ̀. Ọ̀mọ̀ràn tíṣà ni ó fi ọgbọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó di dandan kí nǹkan kan yẹ̀. Ọ̀kan á ní kí ó fi àwọ̀n ẹ̀fọn sílẹ̀ ná. Ẹnì kejì á ní ibà kì í dúró de owó oṣù, kí ó yá ìkòkò lọ́wọ́ aládùúgbò. Wọn á máa bá ara wọn jiyàn, ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ta gẹ́gẹ́, tí ó ń ṣubú, tí ó ń dìde.

Prabhu pín irú iṣẹ́ báyìí sí mẹ́ta. Èkíní ni èyí tí ẹnì kan mọ ohun tí ẹnì kejì kò mọ̀. Èkejì ni èyí tí a ní láti ronú kí á tó rí ìdáhùn, bíi ti ìṣirò owó yẹn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí olúkúlùkù ní èrò tirẹ̀, tí kò sí ẹni tí a lè pè ní ẹlẹ́bi. Ọ̀rọ̀ agùnbánirọ̀ yìí ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú.

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ̀kọ́ kò tí ì parí. Jane Willis, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ ìwé kan tí àwọn olùkọ́ mọ̀ dáadáa ní 1996, tẹnu mọ́ ohun tí ó tẹ̀ lé e: kí àwọn ọmọ wá sọ ohun tí wọ́n pinnu fún gbogbo kíláàsì, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti múra. Ìmúra yìí ṣe pàtàkì. Nígbà tí ọmọ ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó mọ̀ pé òun yóò dìde dúró níwájú ẹni mẹ́rìnléláàádọ́ta, ojú á tì í láti sọ ìsọkúsọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì pe tíṣà pé, “Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́?” Ìgbà tí ọmọ béèrè ni ìdáhùn ń dúró sínú rẹ̀.

Ìgbà yìí gan-an ni gírámà wá wọlé. Tíṣà ti ń rìn káàkiri, ó ti kọ àwọn gbólóhùn kan sílẹ̀ láìdárúkọ ẹni tí ó sọ wọ́n. Ó kọ wọ́n sí pátákó. Ẹnì kan ti sọ pé “He need a net,” bẹ́ẹ̀ ni obìnrin ni agùnbánirọ̀ náà. Ẹ̀bi ta ni? Èdè wa ni: “ó” kan ṣoṣo ni a fi ń pe ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti tábìlì, Gẹ̀ẹ́sì sì pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹlòmíràn ti sọ pé “The money did not reach.” Owó kò tó, ó túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti rí. Tíṣà á wá sọ fún wọn pé “The money was not enough.” Gbólóhùn yìí kò ní jáde lọ́kàn wọn mọ́, torí pé wọ́n ti wá a kiri fún ogún ìṣẹ́jú. (Mo fẹ́ràn àṣìṣe irú èyí púpọ̀. Àwa náà tí a ti dàgbà ṣì ń sọ pé a “gbọ́” òórùn ọbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, Òyìnbó á sì máa wò wá bí ẹni pé ọbẹ̀ náà sọ̀rọ̀.)

Ariwo ńkọ́? Ariwo wà lóòótọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì lè yọjú wá wò ó. Ó dára kí tíṣà ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kíláàsì rẹ̀ bá pọ̀ jù lè tẹ̀ lé Prabhu fúnra rẹ̀, nítorí òun kò fara mọ́ pípín àwọn ọmọ sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ rárá. Ó rò pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń gbọ́ lẹ́nu ara wọn kò dára tó láti fi kọ́gbọ́n. Iwájú gbogbo kíláàsì ni òun ti ń ṣe iṣẹ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìbéèrè àti ìdáhùn, lẹ́yìn náà ni olúkúlùkù yóò dá ṣe irú rẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀. Lójú tèmi, kí á lo méjèèjì. Ọmọ tí ń tijú kì í sọ̀rọ̀ níwájú ẹni márùndínlọ́gọ́ta, ṣùgbọ́n yóò sọ ọ́ sétí ẹnì kan.

“Má sọ fanákúlà!”

Ohun kan wà tí ó ń dùn mí lọ́kàn. Ní ilé ẹ̀kọ́ púpọ̀, títí kan èyí tí àwọn Kristẹni dá sílẹ̀, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá ni wọn yóò nà tàbí gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n rò pé bí ẹnu ọmọ bá ti tì mọ́ Yorùbá, yóò ṣí sí Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí a ń rí ni pé ó tì mọ́ méjèèjì. Ọmọ tí ń bẹ̀rù pàṣán kì í dán ọ̀rọ̀ tuntun wò. Ọ̀nà tí ó láàbò jù lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kí ó dákẹ́.

Nínú ìwé Nehemáyà orí 13, ẹsẹ 24, inú wòlíì kọ́ ni ó bàjẹ́, inú gómìnà ni, nígbà tí ó rí i pé ìdajì àwọn ọmọ kò lè sọ èdè àwọn Júù mọ́. Kò fi ọwọ́ kékeré mú un. Àwa ńkọ́, tí a ń fi ọwọ́ ara wa san owó ìtanràn náà?

Àwọn kan á sọ pé ayé ti yí padà. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀rí tí ó wà nílẹ̀. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́. Àwọn ọmọ kan kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ wọn ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ní olùkọ́ àkànṣe kan tí ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ tí ó dá dúró. Àwọn ẹgbẹ́ wọn kọ́ Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì yí sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe níbi gbogbo. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ tí ó fi Yorùbá kàwé ni ó ṣe dáadáa jù nínú àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ dáadáa fún wákàtí díẹ̀ tẹ́wọ̀n ju Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ ní àgbọ́ìyé láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Ọwọ́ ìjọba kò dúró sójú kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí á fi èdè abínibí kọ́ni ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí á máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìfìdírẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB wà lára ìdí tí ó mú wá. N kò fara mọ́ ìpinnu náà, ẹ̀rí Modákẹ́kẹ́ ni kò jẹ́ kí n fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wù kí ìjọba pa láṣẹ, olùkọ́ ni yóò ti ilẹ̀kùn kíláàsì, òun àti àwọn ọmọ ni ó sì kù. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá kún etí ọmọ láti àárọ̀ di alẹ́, tí kò sì sí ohun kan tí wọ́n ní kí ó fi ṣe, ibi tí a wà náà ni a óò wà.

Ní ti ìdánwò, ẹ̀rù má ṣe bà yín. WAEC ń ní kí ọmọ kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ tàbí sí alága ìjọba ìbílẹ̀, kí ó ka àyọkà gígùn kí ó sì sọ kókó rẹ̀ ní gbólóhùn díẹ̀. Iṣẹ́ ni gbogbo èyí. Apá kan wà tí ń bi wọ́n ní òfin èdè àti bí a ti ń pe ọ̀rọ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ju Brighter Grammar tí ó wà lórí pẹpẹ ìwé nù. Àyè rẹ̀ ni kí á yí padà.

Nínú ìjọ àti nínú ilé

Àwa ẹlẹ́mìí ní ohun kan tí ilé ẹ̀kọ́ kò ní. A ní ògbufọ̀. Bí ẹ bá wo ọ̀dọ́ tí ń túmọ̀ ìwàásù nínú ìjọ wa, ẹ óò rí fífi iṣẹ́ kọ́ èdè lójúkojú. Oníwàásù kò dúró dè é. Ìjọ ń wojú rẹ̀. Kò ní àyè láti bi ara rẹ̀ bóyá nọ́ùn ni tàbí fáàbù. Ìtumọ̀ ni ó ń wá, kíákíá, fún àwọn ìyá tí ó jókòó síwájú. Bàbá Josiah Akíndayọ̀mí, tí ó dá Ìjọ Ìràpadà sílẹ̀ ní 1952, Yorùbá ni ó fi ń wàásù. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń túmọ̀ fún un sí Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ ìṣirò yunifásítì kan tí ó wá sínú ìjọ náà ní 1973, Enoch Adébóyè, tí ó di alábòójútó àgbà lẹ́yìn bàbá náà. Ẹ ronú lórí irú ilé ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ yẹn jẹ́ fún un.

Àpẹẹrẹ tí ó ga jù wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 21. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ pa Pọ́ọ̀lù ní Jerúsálẹ́mù. Ó bá olórí ogun sọ̀rọ̀ ní èdè Gíríìkì, ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu, ó sì gbà fún un láti sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí àwọn ènìyàn tirẹ̀, ó bá wọn sọ èdè Hébérù, wọ́n sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọ̀sán kan ṣoṣo, èdè méjì, olúkúlùkù pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó ṣe. Bí ó bá ti fi ọ̀kan nínú wọn ṣòfò nígbà èwe, bóyá ni kì bá ti kúrò lórí àtẹ̀gùn náà láàyè.

Ẹ̀yin alákòóso Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí ó ti tó ọdún méjìlá máa túmọ̀ ìfilọ̀ ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ìwàásù. Ìfilọ̀ kúrú, ọjọ́ àti àkókò wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì ṣì í, àgbà kan á tún un ṣe láìfi í ṣẹ̀sín. Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ náà ní alẹ́ Sátidé kí wọ́n lè múra.

Ẹ̀yin òbí tí kò ka ìwé púpọ̀, ẹ má rò pé kò kàn yín. Ẹ̀yin ni iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ yín jù. Ẹ mú ìwé tí ń bẹ nínú páálí oògùn ibà, ẹ ní kí ọmọ kà á kí ó sì fi Owé ṣàlàyé fún ìyá àgbà iye ìgbà tí wọ́n ní kí á lò ó lójúmọ́ àti ohun tí wọ́n ní kí á ṣọ́ra fún. Ẹ mú ike oògùn apakoríko tí ẹ rà fún oko, Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà lára rẹ̀. Ẹ ní kí ó wá ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n omi sí, aṣọ tí ó yẹ kí á wọ̀, àti bí a ti ń pa ike náà run. Ṣùgbọ́n o, kí oògùn tó wọ ẹnu tàbí kí ó tó wọ inú oko, kí ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà tí ó mọ ìwé tún un kà, kí ọmọ má sì fọwọ́ kan ike náà fúnra rẹ̀. Ẹ kò ní mọ̀ bóyá Gẹ̀ẹ́sì tí ó kà tọ̀nà délẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ óò mọ̀ bí àlàyé tí ó ṣe bá mọ́gbọ́n wá, nítorí Owé ni ó fi ṣe é. Bí kò bá mọ́gbọ́n wá, ẹ ní kí ó padà lọ wò ó.

Ìkórè ń bọ̀. Lọ́dọọdún ni akọ̀wé ìjọ ń kọ lẹ́tà ìpè sí àwọn ìjọ tí ó wà ní Òkénè àti Lọ́kọ́jà, níbi tí àwọn ará wa tí kì í ṣe Yorùbá ti pọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kí á fi ti Òkénè lé ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Àwọn ni kí ó jókòó pinnu ohun tí àlejò yóò fẹ́ mọ̀: ọjọ́, àkókò, gáréèjì tí wọn yóò sọ̀ sí, ibi tí wọn yóò sùn, ẹni tí wọn yóò pè lórí fóònù. Kí akọ̀wé ìjọ kà á, kí ó fi ẹfun yí ibi tí kò yé e ká, kí ó má ṣe tún un kọ fún wọn. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ nígbà tí ó bá mọ́. Nígbà tí èsì bá sì dé láti Òkénè, kí á fún wọn bí ó ti wà nínú àpò ìwé rẹ̀, kí àwọn náà ṣí i.